Ta Ló Ń Fẹ́ Varga?

Duluth, 1987

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kìíní

Adágún ti dì débi tí ojú ríran dé. Gordy, ọkọ mi, ní kí n má wulẹ̀ tan mọ́tò láàárọ̀, mo tàn án, ó sì kùn bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun. A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a bọ̀, a jẹ ẹran àti ọ̀dùnkún. Nígbà tí ó sùn sórí àga, mo tẹ́ káàdì àwọn ọmọ mi sórí tábìlì, ìyẹn àwọn agbábọ́ọ̀lù besibọ́ọ̀lù orí ìwé tí a ń fi dáìsì ta nínú líìgì wa.

Amúbọ́ọ̀lù mẹ́rin! Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lóṣòó lẹ́yìn ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, kí ni mo wá fẹ́ fi mẹ́rin ṣe? Ojúkòkòrò ọdún tó kọjá ló kó mi sí i. Ẹni tí wọ́n bá ti fẹ́ jù sílẹ̀ ni mò ń gbà, bí ẹni tó ń ṣa ọmọ ajá kiri ìgboro. Ní báyìí, Ẹyẹ Etídò, ẹgbẹ́ mi, ti kún ju bí òfin líìgì ṣe wí. Kó tó di ìpàdé oṣù kẹta, mo gbọ́dọ̀ dín wọn kù sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí mi ò bá rí ẹni bá mi ṣe pàṣípààrọ̀, inú agbọ̀n ni màá jù wọ́n sí, kí ẹni tó bá wù wá ṣà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo líìgì ló sì mọ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ ti kan ògiri, ṣé ó tún máa fún ọ ní nǹkan gidi?

Cletus Varga ló dàgbà jù nínú àwọn mẹ́rin náà, ọmọ ọdún márùndínlógójì. Orúnkún rẹ̀ ti ń ké. Mo mọ̀ pé kò ní orúnkún. Orí tábìlì Bàbá Toivo Lahti, olórí líìgì wa, ni wọ́n ti bí i, bí wọ́n ṣe bí gbogbo àwọn tó kù, pẹ̀lú dáìsì méjì àti lẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì mọ bó ṣe ń rìn.

Ọjọ́rú, 14

Mò ń fọ orí fún oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù ìṣerun mi nígbà tí fóònù dún. Russ Pelletier ni, tó ń ta ìbánigbófò, ìyẹn ìnṣọ́ránsì, tó sì ni ẹgbẹ́ Òkúta Irin.

"Arlys, mo gbọ́ pé amúbọ́ọ̀lù ti fẹ́ lé ẹ jáde nílé."

"Wọn ò tíì lé mi. Kí lo fẹ́?"

"Fún mi ní Varga."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi ta sí obìnrin náà lójú. "Kí lo fẹ́ fi arúgbó ṣe?"

"Ìwọ ṣáà fún mi. Màá fún ẹ ní Hobie Strand."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Strand, bó bá ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó dúró pẹ̀lú igi á máa wá a kiri. Gbogbo wa la ti bẹ Russ nítorí ọmọ yìí lọ́dún tó kọjá, ó ní òun kò ní fi í tọrẹ títí òun á fi kú. Ó wá fẹ́ fi í pààrọ̀ Varga! Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Mo sọ fún Gordy lórí oúnjẹ. Ó ní, "Bóyá àánú ẹ ló ṣe é."

"Russ? Russ tó gbé ọ̀rọ̀ ìbánigbófò lọ bá opó Lindgren níbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀?"

"Owó tó tọ́ sí i ló gbé lọ fún un, Arlys."

"Bó ti wù kó jẹ́. Ibi ìsìnkú ṣáà ni."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Ìpàdé líìgì ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Pásítọ̀ Sundet, tí òun náà ní ẹgbẹ́. Kọfí dà bí omi tí wọ́n fi fọ àwo. Bàbá Toivo kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ọ̀fìnkìn ń ṣe òun, Russ ló sì bá a ka gbogbo ohun tó yẹ kí ó kà. Russ ló bu kọfí fún un, Russ ló ki ife bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, Russ ló fà á dé ẹnu ọ̀nà. Ẹmẹ̀wà ọba kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Mo lọ kí Bàbá. Mo ní, "Ẹ kú òtútù, Bàbá." Ó wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó ní, "O ṣeun, Denise."

Denise! Ó fi orúkọ ọ̀rẹ́ mi pè mí, pẹ̀lú bí mo ṣe pẹ́ tó nínú líìgì yìí, tí mo sì ti ń gé irun ọkùnrin yìí!

Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu nìyí. Láàárín oṣù yìí àti èyí tó ń bọ̀ ni Bàbá máa jókòó sílé rẹ̀, bó ṣe ń ṣe lọ́dọọdún, tí á máa da dáìsì fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Bí iye bá pọ̀, agbára ẹni náà á lé sí i. Bí ó bá kéré, á rọ. Bí ó bá jẹ́ ení àti ení, ó tán nìyẹn, wọn á fa káàdì rẹ̀ ya. Oṣù kẹta, ní Ọjọ́ Ìdàgbà, ìyẹn ọjọ́ ìpàdé, ni àwa máa tó gbọ́. Àmọ́ ọjà pàṣípààrọ̀ ṣí sílẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń mọ̀ ṣáájú wa, Bàbá Toivo, òun kò sì ní ẹgbẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fọkàn balẹ̀ sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20

Yìnyín dé orúnkún. Denise Kowalczyk wá ṣe irun. Òun ló ń pín lẹ́tà ní àdúgbò Lakeside, òun náà ló ni ẹgbẹ́ Ọkọ̀ Ojú Omi. Mo bi í bóyá Russ ti pè é.

"Kò pè mí. Mi ò ní arúgbó kankan tó lè fẹ́." Ó bojú wo ara rẹ̀ nínú dígí. "Àmọ́ mo máa ń rí mọ́tò rẹ̀."

"Níbo?"

"Níwájú ilé Bàbá Toivo. Bí mo bá gbé lẹ́tà kọjá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì náà, ó wà níbẹ̀."

"Òkè lọ́hùn-ún ni Russ ń gbé. Kí ló ń wá ní Lakeside?"

"Èmi ni màá bi í? Má gé iwájú yẹn kúrú jù, jàre."

Mo gé e kúrú jù. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kejì

Russ ti gba Moe Tillery lọ́wọ́ Pásítọ̀. Ó ti gba Ignace Brill lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn ará Cloquet, ìlú tó wà nítòsí wa. Arúgbó ni àwọn méjèèjì, àwọn tó ni wọ́n kò sì mọ ibi tí wọn ìbá kó wọn sí. Ẹni gidi ló fi gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pásítọ̀ pè mí fúnra rẹ̀ láti yọ̀. "Arlys, Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà."

Inú gbogbo wọn ń dùn. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ta ni ó ń ṣe ọjà tí inú gbogbo èèyàn ń dùn sí i? Bí mo bá wò ó dáadáa, nǹkan kan ṣoṣo ló lè jẹ́: Russ ti mọ àwọn arúgbó tí dáìsì máa sọ di ọmọdé. Ó ń kó wọn jọ ní ìdákẹ́jẹ́. Tó bá di oṣù kẹta, gbogbo wa la máa yanu.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Mo se ọbẹ̀ ìrẹsì ìgbẹ́, mo gbé e lọ sí ilé Bàbá Toivo. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, nítorí ọ̀fìnkìn rẹ̀ ni. Mọ́tò Russ wà níwájú ilé lóòótọ́, kò tilẹ̀ gbé e pamọ́.

Mi ò tètè kan ilẹ̀kùn. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, ìkòkò gbígbóná láyà mi, mo sì gbọ́ ọ. Dáìsì nínú ife awọ: ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, pàà. Lẹ́yìn náà, ohùn Russ: "Mẹ́sàn-án." Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, pàà. "Mẹ́rin. Ó mà ṣe o."

Mo kan ilẹ̀kùn. Ariwo dáìsì dáwọ́ dúró. Russ ló ṣí i, lẹ́ẹ̀dì wà létí rẹ̀.

"Arlys! Kí ló dé?"

"Ọbẹ̀ ni. Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"À ń mu kọfí."

Bàbá Toivo pè mí láti inú ilé. "Ta nìyẹn, Russ?"

"Arlys ni, Bàbá."

"Ẹ kú ilé, Bàbá," mo ní. "Mo gbọ́ bíi pé ẹ̀ ń ta ayò."

Bàbá ní, "Àgbàlagbà gbọ́dọ̀ ní nǹkan tí yóò máa fi ọwọ́ ṣe, ọmọ mi. O ṣeun fún ọbẹ̀."

Wọn ò ní kí n wọlé. Russ gba ìkòkò lọ́wọ́ mi, ó sì fi ara dí ẹnu ọ̀nà títí mo fi sọ̀ kalẹ̀. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe ń wakọ̀ bọ̀, mi ò sì rí ọ̀nà dáadáa nítorí ìbínú. Bàbá Toivo! Ẹni tó lé àbúrò ara rẹ̀ kúrò nínú líìgì nítorí pé ó da dáìsì lẹ́ẹ̀mejì!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Ẹyin ti wọ́n sí i lọ́jà. Gordy ní, "Ṣe bí o ṣe ń bi oníbàárà ẹ. Bi í." Mo ní ta ni mo fẹ́ bi, olè àbí ẹni tó bá a gbé àkàbà?

Ọjọ́bọ̀, 12

Russ tún pè. Ó ní òun á fún mi ní Strand, ó tún fi agbábọ́ọ̀lù kan kún un. Mo rò pé n ó dẹ páńpẹ́ fún un.

"Mo lè fún ẹ ní Varga," mo ní, "bí o bá máa gba Fonseca pẹ̀lú."

Delbert Fonseca ni ọlá ẹgbẹ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, kò sì sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri tó o lọ́dún tó kọjá. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú á gbà á kí n tó gbẹ́nu kúrò.

Russ kò gbà á.

"Má fi Fonseca sílẹ̀," ó ní. "Gbọ́ mi, Arlys. Má fún ẹnikẹ́ni. Varga nìkan ni kí o fún mi."

"Kí ló dé tí o kò fẹ́ Fonseca?"

"Mi ò fẹ́ ni."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ó kọ Fonseca! Ohun tó túmọ̀ sí kò ṣòro. Fonseca ti tán. Dáìsì ti pa á sórí tábìlì ní Lakeside, Russ sì fẹ́ kí n gbé òkú náà lọ́wọ́ títí oṣù kẹta. Varga ní tirẹ̀ ti di ọ̀dọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Mo fún Denise ní Fonseca. Ó fún mi ní ẹni méjì tí ara wọn dá ṣáṣá. Ó pariwo lórí fóònù. "Arlys, ó dá ẹ lójú? Fonseca? Ṣé orí ẹ pé?" Mo ní mo nílò ọ̀dọ́.

Lónìí, gbogbo èèyàn ń fi òdòdó àti ṣokoléètì ránṣẹ́ síra wọn. Gordy ra ṣokoléètì fún mi, mi ò lè jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Denise gbé bisikíìtì wá sí ṣọ́ọ̀bù láti dúpẹ́ nítorí Fonseca. Ó tilẹ̀ ti fi ọ̀rá tó hàn kedere bo káàdì ọmọ náà kó má baà gbó. Mo dúpẹ́. Mo gbé bisikíìtì náà fún àwọn oníbàárà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28

Russ wá fúnra rẹ̀. Kò ní irun tí wọ́n lè gé, orí rẹ̀ ń dán bí abọ́, síbẹ̀ ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó sì yọ fìlà.

"Arlys, jọ̀ọ́."

"Jọ̀ọ́ kí ni?"

"Varga. Sọ ohun tí o fẹ́."

"Mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀."

Ó ń yí fìlà náà lọ́wọ́. "Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹ. Ohun tí mo lè sọ ni pé ó máa dùn ẹ́ tí o bá dì í mú."

"Ṣé o ń halẹ̀ mọ́ mi ni?"

"Mò ń bẹ̀ ẹ́ ni!"

"Nígbà náà, bẹ̀ mí níwájú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀."

Ó dìde, ó gbàgbé ibọ̀wọ́ rẹ̀ kan sórí àga. Mo jù ú síta tẹ̀lé e.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹta

Mo ti dín wọn kù. Mo fi amúbọ́ọ̀lù kan fún Pásítọ̀, mo sì ju méjì tó kéré lọ́jọ́ orí sínú agbọ̀n, kí n lè di Varga mú. Gordy wo ohun tí mo ṣe.

"O ju àwọn ọ̀dọ́ nù, o mú arúgbó."

"Russ ń fẹ́ ẹ."

"Bí Russ bá fẹ́ ilé tó ń jó, ṣé wàá wọ inú rẹ̀ ni?"

Mo ti mọ ohun tí mo máa sọ ní ìpàdé. Mo ti wí i tán níwájú dígí, bí ẹni tó fẹ́ wàásù.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Màá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá sílẹ̀ bó ṣe rí, nígbà tó ṣì gbóná.

Gbogbo wa pé. Ìyàwó Pásítọ̀ ti gbé ìkòkò ẹran àti ọ̀dùnkún sórí iná, yàrá ń rùn dídùn. Bàbá Toivo jókòó sídìí tábìlì iwájú, àwọn káàdì tuntun wà lọ́wọ́ Russ. Bí Russ ṣe la ẹnu láti máa kà, mo dìde.

Mo ní, "Kí wọ́n tó ka ohunkóhun, mo ní ọ̀rọ̀. Russ ti mọ ohun tó wà nínú káàdì wọ̀nyẹn láti oṣù kìíní. Mo gbọ́ dáìsì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ilé Bàbá. Ohun tó mọ̀ ló fi ń bá yín ṣe pàṣípààrọ̀. Kí ó sọ pé irọ́ ni mo pa."

Gbogbo ojú yí sí Russ. Ó wo ilẹ̀.

"Irọ́ ni?" Pásítọ̀ bi í.

"Kì í ṣe irọ́," Russ ní.

Ariwo sọ. Àwọn ará Cloquet ń lu tábìlì. Mo gbé ohùn sókè, mo ní gbogbo ohun tí wọ́n dà nílé kò wúlò mọ́, kí wọ́n tún un dà níbí, ní gbangba, kí ojú gbogbo wa tó o. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Russ ní, "Arlys, ó tó," ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. Mo ní kò tíì tó.

Bàbá Toivo gbé ọwọ́ sókè. "Jókòó, Russ. Ẹ gbé dáìsì wá."

Wọ́n gbé e wá. Ó dà á. Mo ti sún mọ́ tábìlì kí n lè ṣọ́ ọ. Ó tẹrí ba títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dáìsì, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí adìyẹ tó rí kòkòrò.

"Méje," ó ní.

"Bàbá, mẹ́ta ni," mo ní.

"Mẹ́ta." Ó kó wọn, ó tún dà wọ́n. Ọ̀kan yí bọ́ sílẹ̀, gbogbo wa la gbọ́ ọ, ó ta kìn-ìn-kìn-ìn lọ sábẹ́ àga. Bàbá Toivo sì ń fi ọwọ́ tálẹ̀ lórí tábìlì, ó ń wá a níbi tí kò sí.

Mo ń gbọ́ bí ọbẹ̀ ṣe ń hó.

"Ó dáa," Bàbá ní. "Láti ìgbà tí ewé ti ń já ni. Àárín ojú mi ló ti lọ, mi ò ríran níbẹ̀ mọ́. Bí mo bá wo ẹnì kan lójú, ojú náà ló máa kọ́kọ́ pòórá. Ẹ̀gbẹ́ etí yín nìkan ni mo ń rí. Mo ní kí Russ máa bá mi ka dáìsì, kí ó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí mo mọ̀ pé bí ẹ bá gbọ́, ẹ máa ní kí arúgbó lọ sinmi. Kí ni màá máa sinmi sí? Ìyàwó mi ti lọ. Àwọn ọmọ tí mo ní nìyí, àwọn inú káàdì." Ó fa èémí. "Russ ní kò dáa, torí òun ní ẹgbẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́."

Pásítọ̀ yí sí Russ. "Nígbà tí o gba Tillery lọ́wọ́ mi, kí ni dáìsì ti sọ?"

"Ení àti ení."

"Brill ńkọ́?" ni ará Cloquet bi í.

"Mẹ́ta."

"O mọ̀ pé ọ̀kan ti kú, pé èkejì ti rọ, o wá fi ẹni ààyè gbà wọ́n?" ni Pásítọ̀ tún bi í.

"Kí ni kí n ṣe?" Russ ń pariwo báyìí, orí rẹ̀ pọ́n. "Bí mo bá gba ẹni tó lé sókè, olè ni mí. Bí mo bá jókòó, tí mò ń wò yín kí ẹ máa tọ́jú òkú, kí ni mí? Mo ní kí n ṣáà máa kó wọn. Ẹgbẹ́ mi ti di ilé ìsìnkú, ẹ lọ wò ó!"

Mo bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti mọ̀. "Varga?"

"Ení àti ení, Arlys. Òun ló kọ́kọ́ lọ."

Ilẹ̀ ìbá là kí n wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì tán. Denise bi í pé, "Fonseca tèmi ńkọ́?"

"Mọ́kànlá. Mo sọ fún Arlys kó má fi í sílẹ̀."

Denise wò mí. Ó rò ó díẹ̀, mo sì rí i bó ṣe dé ibẹ̀. "O rò pé ó ti bàjẹ́," ó ní. "Ìdí tí o fi fún mi nìyẹn."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Kò bú mi. Ó lọ bu kọfí. Láti ìgbà tí a ti mọra, méjì ló máa ń bù, tirẹ̀ àti tèmi. Ọ̀kan ló gbé bọ̀.

Pásítọ̀ ní bóyá kí a fi ti ọdún yìí sílẹ̀, kí a jẹun, kí a lọ sílé. Bàbá Toivo ní rárá. "Arlys ní kí a dà á ní gbangba. Òótọ́ ló sọ, ó sì ti yẹ kí èmi fúnra mi sọ ọ́. Ohun tí a dà nílé ti di asán. Wá jókòó síbí, Arlys."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn..."

"Ìwọ lo fẹ́ rí i. Jókòó kí o máa rí i."

Ìyàwó Pásítọ̀ gbé abọ́ jíjìn tó fi ń yan kéèkì wá, kí dáìsì má baà tún sá lọ. Inú abọ́ yẹn ni Bàbá ń dà á sí, èmi ni mò ń kà, Russ ń kọ. Ẹni tó bá jókòó sídìí abọ́ náà nìkan ló lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Fonseca mú méje, ó dúró síbi tó wà. Tillery, òkú Russ, mú mẹ́wàá, Pásítọ̀ sì di orí mú. "Ìyẹn mà ni Lásárù!" Ẹ̀rín bú, Russ náà rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. A jẹun, a tún padà sídìí ẹ̀. Òòrùn ti ń lọ sẹ́yìn òkè nígbà tó kan Ẹyẹ Etídò, torí ẹgbẹ́ tèmi ló máa ń kẹ́yìn. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ mi rọ. Mo ka tiwọn bí mo ṣe ka ti àwọn tó kù.

"Varga," Russ ní.

Bàbá Toivo gbọn ife awọ. Dáìsì lu ara abọ́, ó yí, ó dúró. Mo wò ó. Mo tún un wò.

Mẹ́fà àti mẹ́fà.

Kò tíì sí ẹni tó mú un láti àárọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo fẹ̀sùn kan ẹni tó ń ṣàánú mi, tí mo ta ẹni tí mo rò pé ó ti jẹrà fún ọ̀rẹ́ mi, èmi náà ni mo fẹ́ la ẹnu sọ pé ọmọ mi mú iye tó ga jù lọ, nínú abọ́ tí ẹlòmíràn kò rí. Ká ní Russ ló ka irú rẹ̀, ǹ bá ti fò dìde.

"Kí ló sọ?" ni Bàbá Toivo bi mí.

"Méjìlá."

Lẹ́ẹ̀dì Russ dúró lókè káàdì.

"Ẹ wá wò ó," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan wá wò ó."

Pásítọ̀ ń fi búrẹ́dì nu àwo rẹ̀. Ará Cloquet ń wọ bàtà. Mo wo Denise, mo sì fẹ́ kí ó jẹ́ òun, kí ó dìde, kí ó wá bojú wo inú abọ́ yìí kí n lè simi.

"Wo kí ni?" Denise ní. Kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ò ti kà á ni? Kọ ọ́ sílẹ̀, Russ, ká máa lọ sílé."

Russ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbé abọ́ náà dání, mo rìn yí gbogbo tábìlì ká, mo na án sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí wọ́n bá ń gba ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń wọ aṣọ òtútù, wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, wọ́n ń kí mi pé ó dàárọ̀. Kò sẹ́ni tó bojú wo inú rẹ̀.